Ràhámọ̀tù àti Iwe Adìyẹ Inú Fíríìsà

Ní agbolé Alùfáà Mikail, nísàlẹ̀ ọjà Odò-Orí n'Ìwó, ọkùnrin ní í jẹ iwe adìyẹ. Kò sí ẹni tó kọ òfin náà sára ògiri, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì hu eyín mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá pa adìyẹ, obìnrin tó fẹ́ sè é yóò la iwe rẹ̀, yóò gbọn òkúta wẹẹrẹ tí adìyẹ fi ń lọ àgbàdo kúrò nínú rẹ̀, yóò bó awọ tó le bíi pátákó dànù, yóò sì gbé e ka orí oúnjẹ baálé bí ìgbà tí wọ́n ń gbé adé lé ọba lórí. Nígbà kan, ìyàwó ilé kan jẹ iwe ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ààrò. Ẹjọ́ náà pẹ́ ju ẹjọ́ ilẹ̀ lọ, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà kọ́ ló parí rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí Ràhámọ̀tù, àkọ́bí Alùfáà Mikail, kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992, tó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n yọ̀ǹda gbogbo iwe adìyẹ tí wọ́n bá pa nínú agbolé fún òun. Àwọn ewúrẹ́ pàápàá dákẹ́.

Alùfáà Mikail yọ awò ojú rẹ̀. "Iwe. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Iṣẹ́ ìwádìí ni, Bàbá. Ti yunifásítì tí mò ń lọ n'Íbàdàn."

Mùrí, àbúrò Alùfáà, wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó ń rún obì lẹ́nu. Ọkùnrin yìí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá láìfọwọ́ kàn án. "Ẹ ò rí i," ó ní. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìwọ ń tọrọ iwe lọ́wọ́ bàbá ẹ. Ràhámọ̀tù, ìgbà wo ni iwe ń bọ̀ wá mọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí àna?"

"Bó bá ti ra ẹwù tuntun ni, Bàbá Mùrí."

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ilé rẹ́rìn-ín. Ràhámọ̀tù ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, kò tíì lọ́kọ, bàyọ́lọ́jì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Bí ìsinmi bá ti dé, ó ti wọ ọkọ̀ Ìbàdàn nìyẹn, nítorí oyè ìjìnlẹ̀ tó ń wá. Orí rẹ̀ pé. Wọ́n ní nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ti ka gbogbo ìwé tó wà n'Ìwó tán, ó wá ń ka àwọn bébà tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà.

Safurat, ìyá rẹ̀, na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà. "Kí ló wà nínú iwe, Ràhámọ̀tù?"

"Màámi, ó le díẹ̀. Ẹ ò ní lóye ẹ̀."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iná rẹ̀.

Ohun tó ní ó le yẹn, kò le bí àwọn olóyìnbó ṣe ń mú un le. Àlàyé rẹ̀ rèé, kò sì sí ẹni tó lè là á ju báyìí lọ. Iṣan kan wà lára wa tí kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. A lè ní kí apá wa na, yóò na. Ṣùgbọ́n ta ló lè pàṣẹ fún ìfun rẹ̀, tàbí fún ilé ọmọ, tàbí fún ara òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá? Irú iṣan aláìgbọ́ràn yìí ló kún inú iwe adìyẹ fọ́fọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè wọ ojú èèrà láìfún ara wọn. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn fọ́nrán kan wà tó ń fa ara wọn. Bí àmì kékeré kan bá lẹ̀ mọ́ fọ́nrán, fọ́nrán á fà, sẹ́ẹ̀lì á sì súnkì. Bí wọ́n bá ká àmì náà kúrò, á dẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù ló ń ká àmì yẹn. Ẹ́ńsáìmù náà kì í sì í ṣe odindi kan, apá-apá ni wọ́n so pọ̀. Òṣìṣẹ́ ni apá kan, òun ló ní ọwọ́ tó ń ká àmì. Àmọ́ òṣìṣẹ́ yìí ò mọ̀nà. Bí a bá fi òun nìkan sílẹ̀, àmì tí kò kàn án ni yóò máa ká káàkiri, bí ọ̀dọ́kùnrin tó ń wá ìyàwó láìní alárinà, tó ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Apá kejì gan-an sì ni alárinà. Òun ló ń di òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ mú, tó ń mú un lọ sídìí fọ́nrán tó yẹ. Bí wọ́n bá dá alárinà dúró, òṣìṣẹ́ ò ní ríṣẹ́ ṣe, sẹ́ẹ̀lì yóò sì wà ní sísúnkì bí ọwọ́ ahun.

Ibi tó dùn jù nìyí: òṣìṣẹ́ náà ní àwọn ọmọ ìyá tó jọ ọ́ bí ìbejì ṣe ń jọra. Alárinà kì í wò wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń yàn láàárín wọn. Kí ló rí lára ẹni yẹn? Ìdáhùn yìí ni Ràhámọ̀tù ń lé, ó sì fẹ́ bá a kí ẹlòmíràn tó bá a, nítorí nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń dárúkọ. Ẹni tó ṣe ìkejì kàn rìn ìrìn àjò ni.

Alùfáà Mikail ronú títí. "Wọ́n ní ká wá ìmọ̀," ó ní níkẹyìn. "Wọn ò sọ pé ká yọ iwe sílẹ̀. Ẹ máa kó o fún un."

Mùrí pọ́nnu lá. "Ó dáa náà. Èmi á máa jẹ ọrùn."

Bí Safurat ṣe di olórí iṣẹ́ nìyẹn. Obìnrin yìí ni alásè ìnáwó tó lókìkí jù láti Ìwó dé Ilé-Ogbó. Kò sí ìkómọ, kò sí yìgì, tí ìkòkò rẹ̀ kì í jókòó sí, bó bá sì ro ọbẹ̀, àwọn tó wà ní Olúpọ̀nnà á máa gbóòórùn rẹ̀. Òun ló ń pàṣẹ fún àwọn tó ń pa adìyẹ níbi ìnáwó, nítorí náà gbogbo iwe ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ràhámọ̀tù ra kúlà fún un. Ó kọ́ ọ pé bí wọ́n bá ti dúńbú adìyẹ, kí wọ́n yára yọ iwe rẹ̀, kí wọ́n jù ú sínú yìnyín.

"Ẹ má ṣáà jẹ́ kó bàjẹ́, Màámi."

"Èmi? Kí ẹran bàjẹ́ lọ́wọ́ èmi?"

Kò sì bàjẹ́ lóòótọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ta àwọn àgbà adìyẹ tí kò yé mọ́ ní oko adìyẹ Ògúnkúnlé ní Olúpọ̀nnà, Safurat á gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, á gbé kúlà lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Níbi ìnáwó, baba ọkọ ìyàwó á wo àwo rẹ̀, á tún un wò, á ní iwe òun ńkọ́, Safurat á sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fi ń ṣe. Wọ́n kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Oníwe. Ó ń jẹ́ ẹ, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Fíríìsà tòkunbọ̀ tí Ràhámọ̀tù rà wà nínú yàrá ìyá rẹ̀, ó ń kùn bíi tírélà. Iṣẹ́ ń lọ, iṣẹ́ ń dúró. Àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n padà, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan bíríbírí nínú òtútù, èyí tí wọ́n fi ń ya ẹ́ńsáìmù sọ́tọ̀, bàjẹ́, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi tún un ṣe. Síbẹ̀, iwe àkọ́kọ́ tó kó lọ fi nǹkan hàn án. Alárinà di ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn mú pinpin, ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ṣàn lọ pẹ̀lú omi. Ó rí i kedere. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnmọ́lá, tó ń tọ́ ọ sọ́nà, wò ó títí, ó sì fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Tún un ṣe," ó ní. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú lè ti ṣì í rí. Bó bá tún rí bákan náà, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Títún un ṣe ló wá gba ọdún méjì. Ìgbà tí ọdún 1994 fi máa dé ìdajì, fíríìsà ti kún dé ẹnu, ẹ̀rọ n'Íbàdàn sì ti dìde. Ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ pé kó tètè kó ẹrù rẹ̀ wá kí wọ́n tó tún ti ilé ìwé pa. Ràhámọ̀tù kọ́kọ́ lọ fúnra rẹ̀ láti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ àti àpótí yìnyín ńlá tí yóò fi kó wọn.

"Ọ̀la ni mo máa dé," ó sọ fún ìyá rẹ̀. "Ẹ bá mi ṣọ́ fíríìsà. Ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́ o."

"Máa lọ. Mo wà ńbẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni epo pẹtiróòlù dàwátì, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tò sílé epo n'Íbàdàn bí ẹni ń tò lọ sọ́run. Ràhámọ̀tù lọ sí gáréèjì, kò sí ọkọ̀. Ó tún lọ ní ọjọ́ kejì, àwọn dẹ́rẹ́bà ń ta ayò. Kò sí fóònù nílé wọn tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ohun tó ń tù ú nínú ni pé ìyá òun wà ńbẹ̀.

Nígbà tó fi máa rí ọkọ̀ agbégẹdú tó gbé e wọ Ìwó, eruku ti sọ ọ́ di arúgbó. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbóòórùn ata, àlùbọ́sà àti òróró gbígbóná. Mùrí ló kọ́kọ́ rí i.

"Tíṣà, káàbọ̀. Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ. NEPA fẹ́ pa ẹ́, ìyá ẹ ní kò jẹ́."

Safurat wà lẹ́yìn ilé láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n jọ máa ń sè fún ìnáwó. Wọ́n wá ràn án lọ́wọ́. Òógùn bò ó, ojú rẹ̀ sì ń tàn. Abọ́ ńlá kan wà níwájú rẹ̀, iwe kún un, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Ràhámọ̀tù mi, ọjọ́ tí o lọ ni iná lọ. Kò padà mọ́. Mo ń ra yìnyín kó sí i títí oníyìnyín fi ní òun ò rí epo sí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo ṣí i tí omi ti ń ṣàn lára wọn, tí àwọn kan ti fẹ́ yí òórùn padà, mo ní láéláé, iṣẹ́ ọmọ mi ò ní bàjẹ́ lójú mi. Mo ké sí àwọn wọ̀nyí. A fi iyọ̀ pa á lára, a bọ̀ ọ́, a wá dín in kó lè gbẹ. Ó lè lo oṣù kan báyìí. Ìwọ náà wò ó, ẹyọ kan ò ṣòfò."

Ràhámọ̀tù wo abọ́ náà. Lójú rẹ̀, kì í ṣe iwe ló wà níbẹ̀. Ó rí alárinà tí iná ti tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára òṣìṣẹ́, ó rí òṣìṣẹ́ tó ti wé mọ́ ara rẹ̀ bí aṣọ tó jóná, kò sì sí ẹ̀rọ kankan láyé tó lè bá wọn pàdé mọ́. Ọdún méjì rẹ̀ ti di ẹran díndín. Àwọn obìnrin ń wo ẹnu rẹ̀, wọ́n ń retí kó dúpẹ́.

"Màámi," ó ní, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ lọ sókè, "ẹ ò mọ nǹkan kan. Ẹ ò mọ nǹkan kan rárá."

Ìgbákọ dúró lọ́wọ́ Safurat. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé, rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì gbé e mì. Mùrí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹlẹ́nu, ló sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Ràhámọ̀tù, ìyá ẹ nìyẹn o."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá rẹ̀ ti mú un kúnlẹ̀. Ó tọrọ àforíjì, gbólóhùn rẹ̀ pé, kò ṣẹ́ kù síbì kan. Safurat ní òun ò bínú. Wọ́n pín iwe náà yí agbolé ká, ọkùnrin lóbìnrin, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ ibẹ̀ dó. Mùrí tó ti ń pòùngbẹ iwe láti ọdún méjì fi ọ̀kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ títí, ó ní, "Ó le." Kò mú òmíràn.

Wọ́n ti yunifásítì pa nínú oṣù kẹjọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnmọ́lá ríṣẹ́ sí ìlú òkèèrè, ó kó tìyàwó tọmọ lọ. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ilé ìwé, Ràhámọ̀tù lọ sí ilé ìkàwé ibẹ̀, ó sì bá a nínú ìwé àwọn onímọ̀ tó ti òkè òkun dé: àwọn kan ti rí alárinà, wọ́n ti rí ẹyọ òṣìṣẹ́ kan tó ń yàn, wọ́n sì ti fún un lórúkọ. Iwe adìyẹ ni àwọn náà lò. Orí ìdúró ló ti kà á tán. Ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó wọkọ̀ wálé, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Kò bá ẹnikẹ́ni nílé sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù. Safurat kò yan ọmọ rẹ̀ lódì rí. Ó ń sè fún un, ó ń bá a ṣàdúà, ó ń pè é ní oríkì ní òwúrọ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, kò fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Bí òjò bá fẹ́ pa aṣọ tí Ràhámọ̀tù sá, ìyá rẹ̀ á pe ẹlòmíràn kó bá a ká a. Bí ìwé rẹ̀ bá jábọ́ sílẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í ní nǹkan nípa iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, á dáhùn pẹ̀lú sùúrù: "Ẹ bi òun fúnra rẹ̀. Èmi ò mọ nǹkan kan." Kò fi ṣe èébú. Ó gbà á bẹ́ẹ̀ ni.

Ọdún 1997 ni òòyì kọ́ Safurat nídìí ìkòkò ìnáwó. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kó dín iyọ̀ kù, kó má gbé ìkòkò mọ́, ó sì kọ oògùn fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyá àti ọmọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Safurat ń yí ike oògùn náà lọ́wọ́.

"Kí ló ń mú ẹ̀jẹ̀ ru?"

Ràhámọ̀tù ya ẹnu láti sọ pé ó le díẹ̀. Gbólóhùn náà ti dé ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì, ó sì fa àpótí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, bí iṣan ara rẹ̀ ṣe ń súnkì tí ọ̀nà á fi há. Ó dé orí fọ́nrán, ó dé orí àmì, ó dé orí òṣìṣẹ́ àti alárinà. Safurat ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi dé ibẹ̀.

"Dúró ná. Alárinà yẹn, kí ló fi ń mọ ẹni tó máa mú, tí wọ́n bá jọra?"

"Ìrísí ìdí wọn ò rí bákan náà, Màámi. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè wọ̀ wà lára ọ̀kan, kò sí lára àwọn yòókù."

"Bí wọ́n bá wá sọ fún alárinà pé kó má lọ ńkọ́?"

"Iṣan á wà ní sísúnkì. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á há."

Safurat mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó wo apá ara rẹ̀, bí ẹni pé yóò rí wọn níbẹ̀. "Ohun tí o ń wá nínú iwe nìyí?"

"Òun ni, Màámi."

"Èmi ni mo wá gbé e kaná."

"Kì í ṣe iná ló bà á jẹ́." Ràhámọ̀tù ò lè wo ojú rẹ̀. "Bí yìnyín yẹn ṣe ti yọ́, bí wọ́n ṣe ti ń yí òórùn padà, ó ti tán. Ẹ gbé e kaná o, ẹ ò gbé e kaná o, kò sí ohun tí ǹ bá rí nínú ẹ̀ mọ́."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. "O mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo mọ̀."

Ọ̀kadà kan kọjá lójú títì, ariwo rẹ̀ sì jìnnà lọ. Safurat gbé ike oògùn náà sílẹ̀.

"Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó pé èmi ni mo pa iṣẹ́ ẹ. Bí mo bá kírun, mo máa ń bẹ Ọlọ́run kó dárí ẹ̀ jì mí."

Ràhámọ̀tù bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí gbólóhùn kan tó pé lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn gbólóhùn tó dán mọ́rán, ó ti lò wọ́n tán níjọ́ tó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, nígbà tí kò sí ìtumọ̀ nínú wọn. Ó dì mọ́ orúnkún ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló wà. Safurat ò lé e, kò sì sọ pé ó ti tán. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀.

"Fà mí dìde," ó ní. "Ìrun aláásárì ti tó."

Ó wúwo ju bí Ràhámọ̀tù ṣe rò lọ. Ó gbé e dúró, ó bu omi àlùwàlá sí búta, ó sì gbé búta náà tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé.